Nígbà Tí Èéyi Wọ Ilé Ìyá Ruth

Ọdún tí ìjọba sójà ti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ pa ni Ruth gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Kò ní in lọ́kàn pé yóò pẹ́. Ọkọ rẹ̀, Sagbo, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà ní Àjàṣẹ́ lódìkejì ẹnubodè, ló já bọ́ láti orí òrùlé kan tó ń kàn, itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Nígbà tí ìròyìn náà dé abúlé, Ruth di aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó gbé Olúwagbọ́tèmi, ọmọbìnrin rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú, lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi mú un. Bí Sagbo bá ti lè fi ọ̀pá rìn, màá padà wá gbé e."

"Máa lọ," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ṣé kì í ṣe èmi ni mo tọ́ ìwọ náà ni?"

Ruth gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n kéde lórí rédíò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jáde.

Zipporah ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Ìyá Ruth ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ègùn ni, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, opó tó ti pẹ́. Ó bímọ púpọ̀, Ruth nìkan ló kù fún un. Àdín àgbọn ló ń sè tà, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò lára aṣọ rẹ̀, kódà lọ́jọ́ ìsinmi. Abúlé wọn wà lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ọ̀sà wà níwájú rẹ̀, tí òkun sì wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá fẹ́ dé ìgboro Àgbádárìgì gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ọdún náà le. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń padà wálé lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àpò lọ́wọ́, wọ́n ní wọ́n ti dá àwọn dúró. Mílíìkì di ohun tí à ń tò fún. Ọṣẹ di ohun tí à ń gé wẹ́wẹ́ kó lè pẹ́. Àwọn obìnrin tó jẹ́ pé etí omi ni wọ́n ti ń ta ẹja wọn tẹ́lẹ̀ wá ń gbé e sọdá ọ̀sà, wọ́n ń kiri rẹ̀ dé Ìmẹ̀kẹ̀, wọ́n ń gbé e dé Ìjanikin fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Wọn kò lè pọn ọmọ kí wọ́n tún ru ẹja lọ sí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Kò sẹ́ni tó yan Ìyá Ruth. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé kó bá òun wo ọmọ di ìrọ̀lẹ́. Òmíràn rí i, òun náà gbé tirẹ̀ wá. Nígbà tó yá, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹsẹ̀ ọmọdé ni ẹ ó máa gbọ́ lójúde rẹ̀. Ẹni tó bá ní gààrí á bu díẹ̀ wá. Ẹni tí kò ní, ọmọ nìkan ló ń mú wá, Ìyá Ruth kò sì fi ojú ẹni tó mú nǹkan wá yàtọ̀ sí ojú ẹni tí kò mú wá. Ó ń wẹ̀ wọ́n nínú ọpọ́n ńlá kan lábẹ́ igi àgbọn, ó ń fi àdín pa wọ́n lára títí wọn á fi máa dán, á wá kó wọn jọ sórí ẹní, á sì máa pàlọ́ fún wọn lédè Ègùn. Àwọn ọmọ Yorùbá àárín wọn kò tíì lè fi Yorùbá kí bàbá wọn, wọ́n ti ń fi Ègùn bèèrè oúnjẹ.

Gbọ́tèmi gbà pé àlejò òun ni gbogbo wọn. Láràárọ̀, á dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú aṣọ ṣímí tó ti kúrú, á máa kí àwọn tó ń wọlé pé, "Ẹ kú ilé o." Ẹ̀rín á pa àwọn ìyá.

"Káàbọ̀ là ń sọ," ni Ìyá Ruth máa ń wí fún un.

"Ẹ kú ilé o," lọmọ náà á tún wí.

Bí wọ́n bá bi í pé ìyá rẹ̀ dà, ìyá àgbà ló máa ń nawọ́ sí. Ìyá Ruth kò jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀ rí. Á kúnlẹ̀, á di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Èmi kọ́. Ruth ni ìyá rẹ. Ruth ń bọ̀." Ọmọ náà kọ́ ọ sórí. Ó ń sọ pé Ruth ń bọ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Jésù ń bọ̀, láìmọ bí ẹni náà ṣe rí.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń ti ọ̀dọ̀ Ruth wá. Àwọn onífàyàwọ́ tó ń gba inú odò tóóró kan kọjá níbi tí koríko ti bo omi ló ń jíṣẹ́. Sagbo ti ń jókòó. Sagbo ti dìde, ó tún ṣubú. Ẹ bá mi kí Gbọ́tèmi. Ẹ ní mò ń bọ̀.

Ó fẹ́ẹ̀ pé ọdún kan tí Ruth ti lọ nígbà tí Fàúsátù gbé ọmọ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́. Obìnrin tí kò lẹ́ni ni Fàúsátù. Ọkọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sókè ọya, kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mọ̀dínátù ni ọmọ tó gbé wá, òun àti Gbọ́tèmi sì ṣe é ṣe ẹgbẹ́. Ẹja kún orí Fàúsátù, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì dúró síbì kan.

"Ìyá, ara rẹ̀ gbóná díẹ̀. Láti àná lẹja yìí ti wà nílẹ̀. Bí mi ò bá gbé e lọ lónìí, dídànù ni, mi ò sì ní nǹkan mìíràn tí a máa jẹ."

Ìyá Ruth fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn ọmọ náà. Ó ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò, ó rí i pé ojú ti pọ́n, omi sì ń yọ níbẹ̀. Ọmọ náà wúkọ́. Obìnrin tó ti sin ọmọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un.

"Fàúsátù, èéyi nìyí."

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà lójú Fàúsátù, kò sì lè nù ún nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi di ẹja orí rẹ̀ mú.

Ìyá Ruth bojú wẹ̀yìn. Gbọ́tèmi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí Mọ̀dínátù kú ilé. Àwọn ọmọ yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Ó dúró síbẹ̀ títí Fàúsátù fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà bí ẹni tó fẹ́ máa lọ.

"Sọ ọmọ yẹn kalẹ̀ fún mi," ni Ìyá Ruth wí. "Máa lọ kí oòrùn tó mú ẹja ẹ."

Ó gbé Mọ̀dínátù sí yàrá inú, ó fa aṣọ dí ẹnu ọ̀nà. Ó wá jáde, ó dá gbogbo ọmọ tó kù padà sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kìlọ̀ fún àwọn ìyá wọn pé kí wọ́n má ṣe mú wọn wá títí òun yóò fi ránṣẹ́. Àwọn mìíràn bínú, nítorí ọjọ́ ọjà ti bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tó parí, Gbọ́tèmi nìkan ló kù lójúde, ó ń bi í pé níbo ni àwọn àlejò òun lọ.

Ó rò ó bóyá kí òun gbé e lọ sílé Nathan, ọmọ ẹ̀gbọ́n òun tó ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ṣùgbọ́n ìyàwó Nathan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ jòjòló wà lórí ẹní níbẹ̀. Bí Gbọ́tèmi bá ti ń gbé èéyi nínú láìtíì yọ sára ńkọ́? Ó ro ibòmíràn, kò rí. Ó wá sọ fún ọmọ náà pé kó má wọ yàrá inú.

Ọmọ wo ló ń gbọ́ irú ìyẹn? Ìyá Ruth lọ pọnmi. Nígbà tó dé, ó bá Gbọ́tèmi lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ̀dínátù, ó ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu, òun náà sì ń lá ṣíbí náà.

Ẹmu ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń wẹ ọmọ tí èéyi bá mú, àdín ni wọ́n fi ń pa á lára. Ìyá Ruth ṣe gbogbo rẹ̀. Ara Mọ̀dínátù kún fún nǹkan wíwú wẹ́wẹ́, ó gbóná, ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, lẹ́yìn náà ara bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́. Ìgbà tí tirẹ̀ ń gbẹ ni Gbọ́tèmi kò lè dìde láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ojú rẹ̀ ti dí.

Ìyá Ruth ránṣẹ́ pe Nathan lọ́jọ́ náà gan-an.

"Gba ojú odò lọ sí Àjàṣẹ́. Sọ fún Ruth pé kó wá."

"Ìyá, àwọn sójà wà níbẹ̀ báyìí o."

"Mo mọ̀. Bí kì í bá ṣe ọ̀rọ̀ yìí, ǹ bá rán ẹ?"

Nathan lọ. Àwọn sójà mú un nínú koríko. Wọ́n ní onífàyàwọ́ ni. Ó ṣàlàyé pé ọmọ ló ń ṣàìsàn, wọ́n ní kó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀, wọ́n fi kòbókò ya ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́. Nígbà tó padà dé, kò lè wọ ẹ̀wù. Ó ṣáà rí onífàyàwọ́ kan tó mọ ọ̀nà, ó fi iṣẹ́ náà rán an.

Ilé ìtọ́jú kan wà nígboro tí Ìyá Ruth kọ́kọ́ gbé ọmọ náà lọ. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ wo àyà Gbọ́tèmi bó ṣe ń sáré, ó ní abẹ́rẹ́ ló yẹ kí òun fún un. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi inú rẹ̀ han Ìyá Ruth. Kò sí nǹkan níbẹ̀ ju àwọn páálí òfìfo lọ. "Màmá, ẹ gbé e padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n ní oògùn ń bọ̀." Ojú ń ti obìnrin náà bó ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n tún wọ ọkọ̀. Nathan ló ń wà á, ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì jinná, ó sì ń dúró sinmi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ti là. Ọyẹ́ bo ojú ọ̀sà débi tí wọn kò fi rí òdìkejì. Ìyá Ruth jókòó sí àárín ọkọ̀, Gbọ́tèmi wà láyà rẹ̀ nínú aṣọ òkè kan, ó ń mí bí ẹni tó ń sáré. Ó la ojú díẹ̀, ó wo omi.

"Ruth ń bọ̀?" ló bi í.

"Ó ti dé tán," ni Ìyá Ruth wí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó mọ̀ ọ́n lára pé èémí yẹn ti dá. Kò pariwo. Ó fa aṣọ náà mọ́ ọmọ lọ́rùn bí ẹni pé òtútù ń mú un. Nathan ń wà á lọ, ó ń fi eyín tẹ ètè nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ó sì ń sọ pé, "Ìyá, a ò ní pẹ́ débẹ̀ mọ́, ẹ fọkàn balẹ̀." Ìyá Ruth jẹ́ kó wà á. Nígbà tí imú ọkọ̀ kan èbúté tí Nathan na ọwọ́ láti gba ọmọ, ló tó dá a lóhùn.

"Yí ọkọ̀ padà, ọmọ mi."

Àwọn ọkùnrin ló sin ín, nídìí àwọn igi àgbọn níhà òkun. Elijah tó ń darí ìjọ gbàdúrà kúkúrú. Wọn kò jẹ́ kí Ìyá Ruth bá wọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi ojú oórì náà hàn án, nítorí ìyá kì í rí ibi tí wọ́n sin ọmọ rẹ̀ sí, àgbà kì í sì í rí ti ọmọ ọmọ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Ruth jókòó sójúde. Mọ̀dínátù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní, nítorí Fàúsátù lọ ṣa igi. Ara ọmọ náà ń bó, ó ti rù, orí rẹ̀ ni wọ́n fá. Obìnrin kan yọ láti ọ̀nà etí omi. Aṣọ rẹ̀ ti tutù dé ìbàdí, ẹrọ̀fọ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, gèlè rẹ̀ ló fi wé nǹkan kan mọ́ àyà. Kí Ìyá Ruth tó lè dìde, obìnrin náà ti ń sáré.

"Gbọ́tèmi. Gbọ́tèmi mi."

Ruth já lé Mọ̀dínátù, ó gbé e mọ́ra, ó ń fi ẹnu kan orí rẹ̀ tí wọ́n fá. Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó ti rù. Màmá, ẹ wò ó bó ṣe rù. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ẹ má bínú." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tú gèlè náà, ìgò oògùn kan wà nínú rẹ̀. Ó fi eyín ṣí i. "Wọ́n ní ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Ẹ bá mi mú ṣíbí."

Ìyá Ruth kò mira.

"Màmá, ṣíbí."

"Ruth," ni ìyá rẹ̀ wí, "òun kọ́ nìyẹn."

Ruth wo ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mọ̀dínátù náà ń wò ó, ẹ̀rù sì ń bà á. Ruth wo ẹnu ọ̀nà, ó wo abẹ́ igi àgbọn níbi tí ọpọ́n wà, ó tún wo ojú ìyá rẹ̀. Ojú yẹn ló ti rí i. Ó rọra gbé Mọ̀dínátù sórí ẹní. Ó dé ìgò náà pa, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kó dà.

Kò sunkún lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó yá ló ní kí ìyá òun sọ gbogbo rẹ̀ fún òun. Ìyá Ruth kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó sọ bí Fàúsátù ṣe gbé ọmọ wá, ó sọ pé òun mọ̀ pé èéyi ni. Ó sọ bí òun ṣe dá àwọn ọmọ yòókù padà.

"Ẹ mọ̀," ni Ruth wí.

"Mo mọ̀."

"Ẹ rán ọmọ gbogbo ayé lọ sílé. Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ rán tèmi lọ?"

Ìyá Ruth wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ilé rẹ̀ nìyí," ló wí. "Mi ò rí ilé mìíràn tí mo lè rán an lọ."

"Ẹ ò bá lé Fàúsátù padà."

"Ǹ bá lé e."

"Kí ló dé tí ẹ ò lé e?"

Ìyá Ruth fẹ́ sọ òtítọ́ fún ọmọ rẹ̀, kò sì rí èyí tó tó nínú ohun tó wá sí i lẹ́nu. "Ó ń sunkún," ló wí níkẹyìn. "Ẹja wà lórí rẹ̀, kò rí ọwọ́ nu ojú."

Fàúsátù wá nírọ̀lẹ́, ó wólẹ̀ síwájú Ruth, kò lè gbé orí sókè. Ruth ní kó dìde. "Mi ò gbé ẹ ṣépè, mi ò sì gbé ọmọ ẹ ṣépè. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, mú un kúrò níwájú mi." Ó ní kí Nathan fi ibi tí wọ́n sin ọmọ òun sí han òun. Nathan wo Ìyá Ruth, Ìyá Ruth wo ilẹ̀, Nathan ní òun ò lè ṣe é. Ruth rìn lọ sáàárín àwọn igi àgbọn fúnra rẹ̀, ó ń lọ láti ìdí igi kan sí òmíràn títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó gba ojú odò padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, Ìyá Ruth ti ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin gbé ọmọ wá, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n gbé wọn padà. Wọn kò bínú sí i. Fàúsátù ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ wá. Ó dẹ́kun ọjà lílọ, ó jókòó sílé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àwọn aládùúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé kì í dáná. Ìyá Ruth gbọ́. Ó fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó dìde, ó rìn lọ síbẹ̀, ó bá Mọ̀dínátù lórí ẹní.

"Fàúsátù, wá lọ wá nǹkan jẹ."

"Ìyá, ojú ń tì mí."

"Ojú ń ti èmi náà. Gbé e fún mi."

Ó pọn ọmọ náà wálé. Nígbà tí àwọn yòókù rí i, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn wá. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fi àdín pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò pàlọ́ mọ́. Bí wọ́n bá bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á, á ní òun ti gbàgbé.

Wọ́n ṣí ẹnubodè ní ọdún kejì. Èrò ya lọ sí Sẹ̀mẹ̀, àwọn tó ti pínyà ń dì mọ́ra lójú títì. Ìyá Ruth ti gbọ́ pé Ruth ti bí ọmọkùnrin kan. Ó di àdín àgbọn sínú ìgò, ó di ẹja gbígbẹ, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́.

Ruth gbà á dáadáa. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó se ọbẹ̀, ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí ibùsùn fún un. Sagbo tó ti ń fi ọ̀pá rìn ń pè é ní ìyá, ó ń bá a ṣàwàdà. Ẹ̀yìn Ruth ni ọmọ náà wà. Ó gúnyán, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó fọ abọ́, ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó tú u láti fún un lọ́mú, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ tó lójú ńlá ni, kò sùn, ó ń yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ apá ìyá rẹ̀, ó ń wo Ìyá Ruth ṣáá. Ẹ̀ẹ̀kan ló rẹ́rìn-ín sí i. Ìyá Ruth rẹ́rìn-ín padà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì wà lórí itan rẹ̀. Kò bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì Ruth sìn ín dé ibi tí yóò ti wọkọ̀.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Mo fẹ́ gbé e fún yín láti àná. Apá mi ló kọ̀."

"Mo rí i," ni Ìyá Ruth wí. "Má fipá ṣe é. Máa fi àdín yẹn pa á lára, ọyẹ́ ń bọ̀."

Nathan ló wá pàdé rẹ̀ léèbúté nírọ̀lẹ́. Ó gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀, ó dì í mú wọ ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Nígbà tí wọ́n ti kúrò létí omi díẹ̀, ó bi í léèrè bí ọmọ náà ṣe rí.

"Sagbo ló jọ," ni Ìyá Ruth wí. "Iwájú orí rẹ̀ tóbi."

"Ó wúwo? Ṣé ẹ gbé e dáadáa?"

Ìyá Ruth wo omi.

"Oorun ló ń sùn," ló wí. "Mi ò fẹ́ jí i."